Ẹ Bá Mi Pe Àjàyí ní Orúkọ Rẹ̀

Abẹ́òkúta

Yèyé mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú àmúmọ́ra, ẹ kú bí ẹ ti ń dúró de ọ̀rọ̀ láti ẹnu mi tí ẹ kò rí i gbọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níbi tí mo wà yìí. Mo kí Bàbá Àgbà, mo kí gbogbo ìyàwó ilé wa, mo kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí wọ́n wá láti ilé ọkọ wá bá yín ṣọ̀fọ̀, mo kí gbogbo ẹbí tó jókòó yí yín ká báyìí tí Tíṣà ń ka ìwé yìí. Mo kí Tíṣà ìjọ wa fúnra rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má fo ibì kankan nínú rẹ̀, kódà ibi tí ojú yóò ti tì mí.

Ìwé tí ẹ ní kí Tíṣà kọ sí mi nípa ikú Àjàyí àbúrò mi tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Kì í ṣe pé ó pẹ́ lọ́nà. Ó ti wà ní ilé-ìwé yìí láti ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, n ó sì sọ bó ṣe jẹ́. Mo ti gbọ́ pé àwọn ẹgbẹ́ sin ín, wọ́n sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ mi ni wọ́n fi ké e. Mo ti gbọ́ pé èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ ẹnu mi lè mú kí wọ́n tún jáde, kí wọ́n ké e ní orúkọ tirẹ̀, àti pé bí oṣù tuntun bá fi lé láìjẹ́ pé mo sọ̀rọ̀, ó parí nìyẹn. Nítorí èyí ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Mo mọ̀ pé ìwé tí ọmọ kọ sí ìyá rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń kà sí gbogbo ayé létí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti inú ilé. Mo ti da ìwé yìí kọ lẹ́ẹ̀mẹta: ọ̀kan fún yín, ọ̀kan fún Alfa Sàlámì ní Ìkàrẹ́, ọ̀kan fún ìwé ìròyìn tí wọ́n ń tẹ̀ ní Èkó, kí ó má baà jẹ́ pé odò tàbí òjò tàbí ẹni tó ń gbé lẹ́tà ló máa sọ ọ́ di ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ẹni tí kì í ṣe ará Ọ̀kà lè máa kà á, nítorí náà n ó ṣàlàyé àwọn nǹkan kan tí ẹ̀yin mọ̀ jù mí lọ. Ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Ní àdúgbò wa, bí àwọn ọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn kò jìn síra wọn bá ti tó ẹni tó ń dá oko, a máa ń kó wọn jáde lẹ́yìn iṣu tuntun. Wọ́n á gòkè lọ sórí àpáta pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn ilé, àgbà àdúgbò á máa pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí wọ́n bá pè á dáhùn, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé òkúta kan lé orí òkìtì. Bí òkúta bá ti pé, ẹgbẹ́ dé nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n á jọ máa ṣe ọ̀wẹ̀, wọ́n á jọ máa kọ́lé, wọ́n á sì jọ máa gbẹ́ ilẹ̀ òkú àwọn òbí ara wọn. Orúkọ tí wọ́n bá pè tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, ó bọ́ nìyẹn. Olúwa rẹ̀ lè kàwé dé ìlú òyìnbó, bó bá padà dé, ọmọdé ni lójú àdúgbò, bí ìyá rẹ̀ bá sì kú, òun nìkan ni yóò gbẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà fún ẹni tó wà lájò. Ó lè rán ọmọ ìyá rẹ̀ kí ó dúró fún un. Ẹni tó bá dúró yóò dáhùn orúkọ ẹni tó rán an, orúkọ yẹn náà ni ẹgbẹ́ yóò sì máa pè é lẹ́nu gbogbo iṣẹ́ ẹgbẹ́, títí olórúkọ yóò fi dé láti gba orúkọ rẹ̀ padà, tàbí kí ó ránṣẹ́ kí wọ́n kà á ní gbangba. Wọn kì í gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ìyá, wọn kì í gbà á lẹ́nu bàbá, nítorí wọ́n ní òbí lè fẹ́ràn ọmọ kan ju ọmọ kan lọ. Bí a ti bá a nìyẹn, n kò rí ẹni tó bi àwọn àgbà léèrè rí pé bí ẹni tó dúró bá kú ńkọ́.

Ilé-ìwé Ọ̀kà kò kọjá ìwé mẹ́ta nígbà tí èmi àti Àjàyí wà níbẹ̀. Orí ìtì igi kan náà la jọ ń jókòó sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, nítorí pé ọjọ́ kan náà lẹ mú àwa méjèèjì lọ. Nígbà tí Bàbá wa kú, ẹ pè wá jókòó, ẹ ní ẹnì kan ní láti dúró ti oko, ẹnì kan lè lọ sí Ìkàrẹ́ kí ó máa bá ìwé lọ. Èmi ni àgbà, èmi ni oko tọ́ sí. Àjàyí ló sọ̀rọ̀ kí n tó la ẹnu. Ó ní kí n máa lọ, pé ebè tí mo bá kọ máa ń wọ́ kiri bí ẹni tó mutí yó, pé iṣu wo ló máa ta níbẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. N kò jiyàn pẹ̀lú rẹ̀ rárá, Yèyé. Mo ti ń ronú aṣọ tí n ó wọ̀ lọ.

Ilé Alfa Sàlámì, ọ̀rẹ́ Bàbá wa, ni mo wọ̀ sí ní Ìkàrẹ́. Ọmọ ìjọ ni mí, ilé kéú ni mo ń gbé. Láàárọ̀ kùtù, àwọn ọmọ kéú á ti gbé wàláà lẹ́sẹ̀, wọ́n á máa ké e lójúde, èmi náà á jókòó tì wọ́n, n ó máa ké òǹkà mi. Alfa kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa fi ojú lásán kàwé nínú ilé rẹ̀. Ó ní bí òun kò bá ti gbọ́ ohùn mi, òun á gbà pé mo ń sùn ni. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ kéú mọ òǹkà dé méjìlá-méjìlá, èmi náà sì mọ Fátíhà láìṣe Mùsùlùmí. Bí ìdánwò ìwé mẹ́fà ti ń sún mọ́lé, Alfa yí àyè tí mo ń jókòó sí padà, ó gbé mi sún mọ́ ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó sì kìlọ̀ fún àwọn aya rẹ̀ pé kí wọ́n má rán mi níṣẹ́. Kò sí ohun tó jẹ ẹ́ nínú ìwé tí mò ń kà. N kò lè gbàgbé rẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ ọjà Ìkàrẹ́ ni Àjàyí ń ru iṣu wá láti Ọ̀kà. Bó bá ti sọ ẹrù kalẹ̀, kó tó mu omi, ìwé mi ló máa béèrè. Á ṣí i, á máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi á dúró níwájú rẹ̀, n ó máa kà á láìwo ìwé. Ìwé mẹ́ta náà ló kà mọ, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ṣì í, á gbójú sókè, á wò mí, kò ní sọ nǹkan kan títí n ó fi tún un ṣe. Ọjọ́ tí mo sọ fún un pé ayé ń yí, ó bi mí pé kí ló dé tí òkè kò tíì kúrò lẹ́yìn ilé wa. Ó bínú nígbà tí mo kàn tún ohun tí ìwé sọ kà fún un. Odò kan wà ní ìlú òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Dánúbù, mo máa ń gbàgbé rẹ̀ nígbàkúùgbà tí mo bá ń ka orúkọ àwọn odò. Orúkọ náà pa Àjàyí lẹ́rìn-ín. Bó bá ń padà lọ sílé, á ti rìn jìnnà, á tún yíjú padà kígbe rẹ̀ sí mi, àwọn èèyàn tó ń ti ọjà bọ̀ á sì máa wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Mo yege ìwé mẹ́fà, ìjọ sì rán mi wá síbí. Ọdún karùn-ún rèé, nítorí kíláàsì kejì ni wọ́n ti fi mí bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa ń béèrè bí wọ́n ti ń ṣe wá. Wọ́n ń ṣe wá dáadáa, àní wọ́n ń kẹ́ wa. Àwa mẹ́fà péré ni a wà ní kíláàsì kẹfà, tí í ṣe kíláàsì òkè pátápátá, àwa ni a sì ń ṣe ìdánwò tí wọ́n ń fi ọkọ̀ òkun gbé ìbéèrè rẹ̀ wá nínú àpò tí wọ́n fi ìda lẹ̀. Láti ìgbà tí ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀, a kì í roko ilé-ìwé mọ́, a kì í pọnmi. Wọ́n fún wa ní yàrá kan tí ariwo kì í dé. Wọ́n pín wa ní méjìméjì, ẹni tó mọ ìṣirò ń fa ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ẹni tó mọ èdè Látìn ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá di àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa yẹ̀ wá wò, ìyàwó ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ló ń se ẹ̀kọ fún wa. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan ni wọ́n so mí pọ̀ mọ́. Ó ní sùúrù. Ó gbọ́ ìwé lẹ́nu mi fún ọdún kan gbáko, bí mo bá sì ti ṣì í báyìí ló ti tún un ṣe fún mi. Ó ṣe mí láǹfààní, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni mò ń ṣàárò ẹni tó máa ń wò mí láìsọ̀rọ̀.

Àárò yẹn pọ̀, Yèyé, n kì í kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ má baà sunkún. Bí a ti ń sọ̀rọ̀ ní Ọ̀kà ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín níbí. Ọdún kìíní, bí mo bá ti la ẹnu ni wọ́n á sín mi jẹ, mo fi oṣù mélòó kan dákẹ́ bí odi. Àpáta wà níbí, ó ga, àwọn èèyàn rẹ̀ sì ń fi yangàn, àmọ́ bí ọyẹ́ bá ti mú báyìí tí n kò rí téńté rẹ̀ mọ́, ilé ni ọkàn mi máa ń lọ. Mo máa ń ronú bí ẹ ti ń dáná sí ẹnu ọ̀nà tí ẹ ń yá a, tí Àjàyí á na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síbẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn rí àyè.

Nígbà tí iṣu tuntun ọdún yìí ń bọ̀, Tíṣà kọ̀wé pé ẹgbẹ́ mi máa jáde. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n máa yẹ̀ wá wò láti mọ ẹni tó máa jókòó fún ìdánwò ńlá. Mo lọ bá ọ̀gá àgbà, mo tọrọ àyè. Ó ní bí mo bá lọ, kí n má wulẹ̀ padà wá. Kò fi ìbínú sọ ọ́ o. Ó ṣàlàyé fún mi jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ṣàlàyé ìṣirò, ó ní ọdún márùn-ún ni mo fẹ́ sọ nù nítorí òkúta kan. Bí mo bá ní kí n máa ṣàlàyé òkúta náà fún un ni, ilẹ̀ ì bá ṣú.

Yèyé, ibí yìí ni mo ní kí Tíṣà má fò. Mo kọ̀wé sí Àjàyí lábẹ́lẹ̀. Mo fi rán àwọn oníṣòwò Ìkàrẹ́ kan tó wá ra aṣọ níbí, kí ó má baà gba ọwọ́ Tíṣà kọjá. Mo ní kí ó lọ dáhùn fún mi lórí àpáta. Mo ní kí ó má sọ fún yín pé èmi ni mo rán an, kí ó ní ó wu òun láti ṣe é ni. Ìdí tí mo fi fi pamọ́ fún yín ni pé Tíṣà ti sọ nínú ìwé rẹ̀ pé Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó fẹ́ kí ẹgbẹ́ tó bá jáde lọ́dún yìí lọ la ọ̀nà tó ti Ọ̀kà lọ sí Ìkàrẹ́. Ó ku ọdún mẹ́ta kí ẹgbẹ́ Àjàyí jáde. Kò tíì tó ẹni tí wọ́n ń mú lọ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹ ò ní gbà. Mo mọ̀ nípa ọ̀nà yẹn kí n tó kọ̀wé sí i. Mo rò pé igbó lásán ni wọ́n máa ṣán. Mo ṣèlérí fún un pé bí ìdánwò bá ti parí báyìí, n ó wá gba orúkọ mi, n ó sì gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èsì tó fún mi wà níwájú mi bí mo ti ń kọ èyí. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni, ó ya á nínú ìwé tó ń lò nígbà tí a jọ wà ní ilé-ìwé Ọ̀kà, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà. Ó ní òun ti dáhùn, pé òkúta tí òun gbé tóbi ju ti ọ̀pọ̀ wọn lọ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé Bọ̀dúndé kò lágbára. Ó ní orúkọ mi kò tíì mọ́ òun lára, pé bí wọ́n bá ti pe Bọ̀dúndé, ẹ̀yìn ni òun máa ń wò bóyá mo ti dé, wọ́n sì ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ẹ̀. Ó ní kí n gbájú mọ́ ìwé mi. Ó ní kí n má gbàgbé Dánúbù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin wà nílé, èmi kà á nínú ìwé ni. Ọ̀nà dé ibi tí àpáta ti dí i ní ẹsẹ̀ òkè. Wọ́n dáná lé àpáta náà lórí láti àárọ̀ títí ó fi gbóná janjan, wọ́n wá ní kí àwọn kan ru omi tútù wá dà á lé e kí ó lè là, bí àwa náà ti máa ń ṣe bí a bá fẹ́ fọ́ àpáta. Àjàyí wà lára àwọn tó ru omi. Àpáta là lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ yọ̀, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Àwọn tó wà lókè kígbe sí àwọn tó wà nísàlẹ̀, wọ́n ń pe oníkálukú ní orúkọ kí ó sá. Tíṣà ní Bọ̀dúndé ni wọ́n ń pè é, pé wọ́n pè é tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Gbogbo àwọn yòókù ló sá. Òun dúró, ó wẹ̀yìn.

Mo ka ibẹ̀ títí n kò rí ojú ìwé mọ́. Orúkọ mi ni kò jẹ́ kí ó sá, Yèyé. Bí wọ́n bá pe Àjàyí, ì bá ti fò kúrò níbẹ̀, ẹ mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yá tó. Kò sí ẹni tí mo lè ti ìyẹn sí lọ́rùn. N kò bínú sí ẹni tó dáná, n kò bínú sí àwọn tó kígbe, wọ́n pe orúkọ tí a fún wọn.

Tíṣà ní ẹgbẹ́ sin ín bí ẹgbẹ́ ti ń sin ara wọn. Wọ́n fá orí, wọ́n ró aṣọ dúdú, wọ́n sì ké Bọ̀dúndé yí àdúgbò ká. Ó ní ẹ dìde lórí ẹní, ẹ pariwo pé Àjàyí lẹ bí, Àjàyí ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ yìí, kí wọ́n pè é bó ti ń jẹ́. Àwọn àgbà bẹ̀ yín kí ẹ dákẹ́. Wọ́n ní orúkọ tó dáhùn lórí àpáta ni àwọn mọ̀, olórúkọ nìkan ló sì lè yí i. Oṣù méjì ni ẹgbẹ́ fi ń ró aṣọ ọ̀fọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á fọ̀ ọ́, wọn kì í pe orúkọ òkú náà mọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Àjàyí á ti kú láìsí ẹgbẹ́ kan tó sọ pé ó kú. Mo sì gbọ́ pé àwọn kan ń sọ lẹ́yìn yín pé ẹ̀yin lẹ ti Àjàyí síwájú kí akọ̀wé yín má baà fọwọ́ kan ọkọ́. Ẹ ò bú mi nínú ìwé náà. Ẹ kàn ní kí n tètè sọ̀rọ̀. Ì bá sàn fún mi kí ẹ bú mi.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló kù. Òfin kan wà fún kíláàsì kẹfà níbí. Bí ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìwé èyíkéyìí tó bá dé fún wa, ọ̀gá àgbà ni yóò kọ́kọ́ kà á. Bó bá jẹ́ ti ayọ̀, á fún ọ. Bó bá jẹ́ èyí tó lè da ọkàn rú, inú àpótí rẹ̀ ni yóò wà títí o ó fi kọ tán. Wọ́n bi àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bóyá a fara mọ́ ọn, gbogbo wa sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi tilẹ̀ dúpẹ́ pé wọ́n ro tiwa tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni mo fi jẹun, tí mo fi sùn, tí mo ń bá wọn kọrin, tí Àjàyí ti wà nínú ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí a ṣe ti ìmọ̀ ilẹ̀ ayé, wọ́n béèrè Dánúbù. Mo kọ ọ́ láìronú. Ẹ̀rín pa mí níbi tí mo jókòó sí débi pé òyìnbó tó ń ṣọ́ wa wá wo orí tábìlì mi bóyá mò ń jí ìwé wò. Mo ti pinnu nínú ara mi pé bí mo bá délé, kí n tó dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, n ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Àjàyí.

Lánàá tí a kọ ìkẹyìn tán, ọ̀gá àgbà pè mí. Sàró ni, ọmọ àwọn tó ti oko ẹrú padà bọ̀, ó ti dàgbà, ó sì fẹ́ràn mi. Ó fún mi ní ìwé yín, ó jókòó tì mí títí mo fi kà á tán. Ó ní lójoojúmọ́ ni òun ń gbàdúrà fún mi, pé òun rò pé bí òun bá fún mi, n kò ní lè kọ nǹkan kan, Àjàyí kò sì ní tìtorí ẹ̀ jí. Inú bí mi gidigidi. Mo fẹ́ bi í pé ta ló fún un láṣẹ láti ti òkú àbúrò mi mọ́ inú àpótí. Mo wá rántí ìwé tí èmi náà kọ lábẹ́lẹ̀ nítorí ìdánwò kan náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde.

Ó ní kí n dúró de èsì ìdánwò, pé iṣẹ́ ti ń dúró dè mí ní Èkó lọ́dọ̀ ìjọba. Mo ní rárá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi márùn-ún ti dá owó ọkọ̀ ojú irin fún mi, ọ̀la ni n ó wọ̀ ọ́ lọ sí Òṣogbo. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni, Iléṣà, Adó, títí dé Ìkàrẹ́. Àwọn tó ń sáré gbé lẹ́tà ìjọba yá ju ẹsẹ̀ mi lọ, nítorí náà ni ìwé yìí fi ń ṣáájú mi bọ̀. Oṣù kejì ọ̀fọ̀ ti kọjá ìdajì. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má baà pẹ́ jù, ìdí nìyẹn tí n kò fi dúró kí ó di ìgbà tí mo bá délé.

Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde dúró níbí yìí, ẹ ní kí wọ́n pe àwọn ẹgbẹ́ àti àwọn àgbà wá bí wọn kò bá sí níbẹ̀, kí ẹ tó máa kà á lọ.

Ẹ̀yin àgbà àdúgbò wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, èmi Bọ̀dúndé kò kú. Èmi ni mo rán Àjàyí kí ó dúró fún mi, ìyá wa kò mọ̀ sí i, kò sì sí ẹni tó tì í síwájú yàtọ̀ sí èmi. Mo gba orúkọ mi padà lónìí. Mo dúpẹ́ pé ẹ fá orí yín nítorí orúkọ mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi lẹ gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọ aṣọ yín. Ẹ tún jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ ké Àjàyí láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sọ pé Àjàyí ló ru omi, Àjàyí ló kú sẹ́nu iṣẹ́ yín. Iṣẹ́ tó bá kù lórí ọ̀nà náà, tèmi ni. N ó ṣe é, ẹ báà gbà mí sí ẹgbẹ́ tàbí ẹ kò gbà mí.

Yèyé mi, n kò bẹ̀ yín kí ẹ dárí jì mí nínú ìwé. N ó wá bẹ̀ yín lójúkojú. Bí ẹ kò bá tíì fẹ́ rí mi, ẹ ránṣẹ́ sí Alfa Sàlámì, n ó dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìkàrẹ́ títí ọkàn yín yóò fi rọ̀, ìbáà tó ọdún kan. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá jáde, bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n pè é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ẹnì kan kí ó wá sọ fún mi.

Kí Ọlọ́run tù yín nínú. Kí ó fún yín ní ẹ̀mí gígùn, kí ó má jẹ́ kí ẹ tún fi ojú rí irú rẹ̀ mọ́, kí ó tẹ́ Àjàyí sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà, ẹ bá mi kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi kí gbogbo ìjọ àti gbogbo ará àdúgbò, ẹni tó ń bá yín sunkún àti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn.

Ọkùnrin méjì lẹ bí. Èmi ni ọmọ yín tó kù,

Bọ̀dúndé.